Ìdárayá barre nínú ilé: tábìlì ìgéṣọ, àga onígi àti ilẹ̀ tí kò yọ̀

Ibi tí ẹ máa gbé ọwọ́ lé ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Àwọn oníjó ballet ní igi gbọọrọ tí wọ́n kàn mọ́ ògiri, òun ni wọ́n ń pè ní barre, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n sì máa ń dúró sí tí wọ́n bá ń na ara kí wọ́n tó bọ́ sójú agbo. Ibẹ̀ ni ìdárayá tí mo fẹ́ ṣàlàyé yìí ti gba orúkọ. Ẹ ò ní láti ra igi kankan o. Ohunkóhun tí kò ní yẹ̀ lábẹ́ ọwọ́ yín, tí gíga rẹ̀ bọ́ sáàárín ìbàdí àti ìdodo yín, ó ti tó.

Tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ ni tèmi. Aránṣọ ni mí, ṣọ́ọ̀bù mi ló wà níwájú ilé wa ní Òkè-Àró, ní Àkúrẹ́ níbí. Íńṣì 36 ni tábìlì náà ga, igi tó wúwo ni wọ́n fi kàn án, bí ènìyàn méjì ò bá pawọ́ pọ̀, kò ṣeé sún. Bí ẹ ṣe máa mọ̀ bóyá tiyín bá yín mu rèé: ẹ dúró ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ gbé ọwọ́ lé e níwájú ara yín díẹ̀, kí ìgúnpá tẹ̀ díẹ̀. Tí èjìká bá ń sáré lọ bá etí, nǹkan náà ti ga jù. Tó bá jẹ́ pé ẹ ní láti fì sí ẹ̀gbẹ́ kí ọwọ́ tó kàn án, ó ti lọ sílẹ̀ jù.

Ẹni tí kò ní tábìlì tó wúwo lè lo kántà kíṣìnì tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì ṣe. Irin ojú fèrèsé dára, irin tí wọ́n fi dábùú ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà dára bí kò bá ti mì. Àga onígi ìdí tábìlì oúnjẹ ṣeé lò: ẹ yí i kí ibi ìjókòó rẹ̀ kan ògiri, kí ibi ìfẹ̀yìntì kọjú sí yín. Àga ike ni mi ò fọwọ́ sí rárá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń yà lábẹ́ ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ẹni tó gbé ẹsẹ̀ kan sókè. Báásìn ìfọwọ́ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri àti ọwọ́ ilẹ̀kùn, ẹ fi àwọn náà sílẹ̀.

Ọwọ́ yẹn, kó sinmi lórí tábìlì ni, kó má rọ̀ mọ́ ọn. Fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, mo máa ń tẹ́ àjákù sátíìnì sábẹ́ ìka rẹ̀. Sátíìnì ń yọ̀. Bó bá ti gbé ìwúwo ara lé ọwọ́ báyìí, aṣọ á sún, àwa méjèèjì á jọ rí i. Bí aṣọ bá dúró jẹ́ẹ́, a jẹ́ pé ẹsẹ̀ àti ikùn rẹ̀ ló ń gbé e ró, ohun tí a sì ń wá nìyẹn. Ẹni tó bá fi tábìlì gbé ara rẹ̀ ró, tábìlì ló ń ṣe ìdárayá.

Ìdí tí mo fi mú un ní ọ̀kúnkúndùn

Ẹni tó bá ń jókòó sídìí máṣínì láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, pàápàá lásìkò aṣọ ẹbí oṣù Kejìlá tí gbogbo oníbàárà fẹ́ gba tiwọn lọ́jọ́ kan náà, mọ bó ṣe máa ń rí. Ọrùn á le, ìbàdí á máa ro, ẹsẹ̀ á wú. Rírìn dára, mo sì ń rìn, àmọ́ ẹni tó tẹ̀ síwájú lórí aṣọ látàárọ̀ lè rìn dé Ọjà Ọba kó ṣì tẹ̀ síwájú bẹ́ẹ̀. Ara nílò ohun tó máa kọ́ ọ padà bí wọ́n ṣe ń nàró.

Obìnrin tó bẹ̀rẹ̀ ìdárayá yìí, Lotte Berk lorúkọ rẹ̀. Ìlú Cologne ní Jámánì ni wọ́n bí i sí ní 1913, oníjó ni, Júù sì ni. Nígbà tí ìjọba Násì gorí oyè, ó sá lọ sí London. Ẹ̀yìn rẹ̀ farapa, ìyẹn ló mú kó da ohun tí àwọn oníjó ń ṣe nídìí barre pọ̀ mọ́ èyí tí wọ́n fi ń tọ́jú ẹ̀yìn tó bàjẹ́. Ní 1959, ó ṣí yàrá ìdárayá kan sí Manchester Street ní London, ó ń kọ́ àwọn obìnrin. Lydia Bach, ọmọ Amẹ́ríkà tó kọ́ ọ lọ́dọ̀ rẹ̀, gbé e lọ sí New York ní 1971. Ẹ ò rí i pé ẹ̀yìn tó ń dun ènìyàn ló bí i. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ nìkan ló wà fún.

Wọ́n máa ń polówó rẹ̀ pé ó ń sọ iṣan di gígùn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ojú ibi tí iṣan ti so mọ́ eegun kì í ṣípò nítorí ìdárayá. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń fún itan, ìdí, ikùn àti ẹ̀yìn lókun, ó ń jẹ́ kí ènìyàn lè dúró lórí ẹsẹ̀ kan láìta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ó sì ń jẹ́ kí oríkèé rọ̀. Kì í mú ọ̀rá kúrò lójú kan ṣoṣo lára, kò sí ìdárayá tó ń ṣe ìyẹn. Ìyàwó àbúrò mi bi mí pé, “Àǹtí mi, ṣé kò ní mú ìdí mi lọ báyìí?” Mo ní kò ní mú un lọ. Iṣan ìdí gan-an ló ń ṣiṣẹ́ jù nínú rẹ̀, ṣe ló máa le sí i.

Kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀ kankan

Ẹni tó bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ bá dókítà yín sọ̀rọ̀. Nínú ìdárayá yìí, a máa ń dúró lójú kan tí iṣan á le gírígírí. Irú ìdúró bẹ́ẹ̀ máa ń gbé ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ sókè nígbà tí a bá ń ṣe é lọ́wọ́, ó sì máa ń pọ̀ sí i tí ènìyàn bá dá èémí dúró. Aláboyún, ìyá ọmọ tuntun, ẹni tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí rẹ̀, ẹni tí orúnkún rẹ̀ ń wú: gbogbo yín, ẹ béèrè kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Àwa tó kù, èémí náà ni ká máa ṣọ́. Ọ̀nà tó rọrùn jù lọ ni pé kí ẹ máa kà á síta. Ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún, ẹ̀fà, èje, ẹ̀jọ, kí ẹ tún padà sí ení. Mẹ́jọ mẹ́jọ ni àwọn oníjó máa ń kà. Ẹni tó ń ka iye síta kò lè dá èémí dúró. Nílé wa, tí ohùn ẹnikẹ́ni bá ti dákẹ́, mo ti mọ̀ pé ó ti di èémí mú, màá sì ní kó máa kà.

Ẹsẹ̀ lásán ló dára jù. Táìsì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nù tí omi ṣì wà lára rẹ̀ lè gbé ènìyàn ṣubú, ìbọ̀sẹ̀ lórí táìsì tún burú jùyẹn lọ. Ẹní máa ń sún lórí táìsì, nítorí náà ìgbà tí a bá fẹ́ dùbúlẹ̀ nìkan ni kí ẹ tẹ́ ẹ. Ẹ wọ ṣòkòtò tó ń fà, èyíkéyìí tí ẹ bá ní. Ìró kò dára fún un, torí kò ní jẹ́ kí ẹ rí orúnkún yín, ẹ sì gbọ́dọ̀ máa rí i.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú ara gbóná. Ẹ máa gbé ẹsẹ̀ lójú kan bí ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ máa gbé orúnkún sókè, ẹ máa yí apá. Lásìkò ọyẹ́, ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́ta kún un.

Bí wọ́n ṣe ń dúró

Mo fi ṣọ́ọ̀kì ìgéṣọ fa ìlà méjì sórí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, ó rí bí ẹnu sísọ́ọ̀sì tó là díẹ̀. Ibi tí ìlà méjèèjì ti pàdé ni gìgísẹ̀ méjèèjì máa wà, kí wọ́n kan ara wọn, kí ọmọ ìka yà síta. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, kí àyè tó wà láàárín àtàǹpàkò ẹsẹ̀ méjèèjì má ju íńṣì mẹ́rin lọ. Àwọn oníjó tí ẹ ń rí lórí fóònù tí ẹsẹ̀ wọn là pẹrẹsẹ, láti kékeré ni wọ́n ti ń kọ́ ọ, ìgbáròkó wọn sì gbà á. Ẹ má bá wọn du íńṣì.

Oríkèé ìgbáròkó ni ẹsẹ̀ ti ń yà síta. Ẹ gbé ọwọ́ lé ìdí yín kí ẹ sì yí itan síta, ẹ máa rí i pé abẹ́ ọwọ́ yín níbẹ̀ ló fún. Ẹni tó bá fi kókósẹ̀ lọ́ ọ, tí itan rẹ̀ ò bá a lọ, orúnkún ló máa lọ́ láàárín. Orúnkún ò sì mọ ohun tí wọ́n ń pè ní yíyí. Títẹ̀ àti nínà ni iṣẹ́ tirẹ̀.

Tí ẹsẹ̀ bá ti wà ní àyè rẹ̀, ẹ wá wo ẹ̀yìn. Ẹ so bọ́bìnì mọ́ òwú tó gùn, kí ẹnì kan dì í mú sí ẹ̀gbẹ́ etí yín, kó jẹ́ kí bọ́bìnì wá sílẹ̀ títí yóò fi dúró. Òwú yẹn gbọ́dọ̀ gba àárín èjìká kọjá, kó gba ẹ̀gbẹ́ ìgbáròkó, kó wá bọ́ síwájú kókósẹ̀ díẹ̀. Tí mo bá ṣe é fún àwọn ọmọṣẹ́ mi, èjìká ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń wà lẹ́yìn òwú pátápátá, ìyẹn ni pé orí ti yọ síwájú jù. Ojú abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń wò látàárọ̀. Ẹ má ti àyà síta kí ẹ lè tún un ṣe o, ẹ̀yìn ló máa ká. Ẹ fa ìdodo wọlé díẹ̀, ẹ jẹ́ kí eegun ìdí kọjú sílẹ̀, kí àtàrí máa lọ sókè, kí àgbọ̀n má gbéra. Ìdúró yẹn nìkan, tí ẹ bá dì í mú fún ìgbà tí ẹ fi ka mẹ́jọ lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ẹ máa mọ̀ pé ẹ ti ń ṣiṣẹ́.

Íńṣì kan péré

Ẹ mú téèpù kí ẹ wo íńṣì kan níbẹ̀ dáadáa. Ibi tí a ń lọ nìyẹn. Nínú ọ̀pọ̀ ìdárayá, wọ́n á ní kí ẹ lọ sílẹ̀ pátápátá kí ẹ tún dìde pátápátá. Nínú èyí, a máa lọ sí ibi tí iṣan ti le jù, a ò ní kúrò níbẹ̀, íńṣì kan sílẹ̀, íńṣì kan sókè, títí yóò fi sú iṣan. Ohun tó mú un yàtọ̀ nìyẹn, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń sá. Bó bá ti ń le, wọ́n á dìde kí ẹsẹ̀ lè sinmi, wọ́n á tún sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú agbára. Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ wọn láàárín yẹn.

Plié ni ẹ máa gbọ́ tí wọ́n ń pe àkọ́kọ́ nínú fídíò. Ẹ dúró lórí ìlà ṣọ́ọ̀kì, ọwọ́ kan lórí tábìlì, ìkejì níbi ìbàdí. Ẹ tẹ orúnkún sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí ẹ̀yìn wá sílẹ̀ ní títọ́, gìgísẹ̀ ò gbọdọ̀ kúrò nílẹ̀. Ìdí kò gbọdọ̀ yọ sẹ́yìn. Bó bá yọ, ìjókòó lẹ ti ń ṣe. Ẹ wo ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan: àtàǹpàkò ẹsẹ̀ yín gbọ́dọ̀ hàn sí yín láti apá inú orúnkún. Bí orúnkún bá bò ó, ó ti ṣubú wọlé, ẹ dín ìyàsíta ẹsẹ̀ kù. Ẹ rọra lọ sílẹ̀ ní ení sí ẹ̀rin, ẹ dìde ní àrún sí ẹ̀jọ. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́jọ.

Ìyẹn kì í ṣe nǹkan. Ní ìkẹjọ, ẹ má dìde. Ẹ dúró ní ìdajì ọ̀nà. Ẹ wá lọ sílẹ̀ ní íńṣì kan, kí ẹ padà sókè ní íńṣì kan, ẹ ka mẹ́jọ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ dúró sí ìsàlẹ̀, ẹ ka mẹ́jọ láìmì. Ẹ gbé gìgísẹ̀ kúrò nílẹ̀ díẹ̀, kí wọ́n ṣì kan ara wọn, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀ íńṣì kan sílẹ̀, íńṣì kan sókè. Níbi tí a dé yìí, itan yóò bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n.

“Mọ́mì, ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n o!” Gbogbo ọmọṣẹ́ tó bá mi ṣe é lọ ti sọ ọ́.

“Jẹ́ kó gbọ̀n. Ka mẹ́jọ sí i.”

Gbígbọ̀n yẹn kì í ṣe àìsàn. Iṣan tó ti ń rẹ̀ ni, àwọn fọ́nrán inú rẹ̀ ò lè fà pọ̀ dọ́gba mọ́, àwọn kan ń sinmi bí àwọn mìíràn ṣe ń gbà á. Ẹ wò ó dáadáa nígbà tó bá ń ṣẹlẹ̀: iwájú itan, lókè orúnkún, ẹran á máa sáré lábẹ́ awọ, ṣòkòtò gan-an á máa mì. Ibi tí a ń wá la dé yẹn. Ẹ ka mẹ́jọ kan sí i níbẹ̀, kí ẹ tó na orúnkún. Àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ mọ ìyàtọ̀. Kí ẹran itan máa ta, kó máa gbóná, ó dára. Bí nǹkan bá gún yín nínú orúnkún, nínú ìgbáròkó tàbí nísàlẹ̀ ẹ̀yìn, ẹ dìde lójú ẹsẹ̀. Ẹ má kà á parí. Mo máa ń tẹnu mọ́ èyí torí pé àwa obìnrin ibí mọ bí wọ́n ṣe ń fara da nǹkan, a sì lè fara da ohun tí kò yẹ.

Ẹ sinmi fún ìwọ̀nba èémí mẹ́rin, ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kò nílò ju ìyẹn lọ fún itan.

Relevé ló tẹ̀ lé e, òun ni gbígbé gìgísẹ̀ sókè pẹ̀lú orúnkún nínà. Ẹ jẹ́ kí àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì wà ní ọgbọọgba, kí ẹsẹ̀ méjèèjì fi ìbú ìbàdí jìnnà síra. Ẹ gòkè ní ení, ẹ rọra sọ̀kalẹ̀ ní èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Abẹ́ àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀ lé e ni ìwúwo gbọ́dọ̀ wà. Bí kókósẹ̀ bá fì sí apá ọmọńdinrín, ẹ padà sílẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń fi ẹsẹ̀ rọ́. Lẹ́ẹ̀mẹ́rìndínlógún. Ẹni tó bá ti gun òkè Ìdànrè, tó ti to àtẹ̀gùn tó lé ní 600 yẹn lọ sókè tó tún sọ̀ ọ́ padà, mọ bí ẹran ẹ̀yìn ojúgun ṣe máa ń sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kejì. Bí ẹ bá fẹ́ lọ pẹ̀lú ẹgbẹ́ ìjọ tàbí àwọn ọmọ, ẹ fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣe èyí ṣáájú.

Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn

Ẹ kọjú sí tábìlì, ọwọ́ méjèèjì lórí rẹ̀. Ẹ tẹ orúnkún ẹsẹ̀ òsì díẹ̀, ẹ na ẹsẹ̀ ọ̀tún sẹ́yìn tààrà kí orí ìka nìkan máa kan ilẹ̀. Ẹ gbé e kúrò nílẹ̀ ní íńṣì kan. Ẹ gbé e sí i ní íńṣì kan, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ ní íńṣì kan, mẹ́jọ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ wá fi orí ìka ya òdo kékeré sínú afẹ́fẹ́, mẹ́jọ sí ọ̀tún, mẹ́jọ sí òsì. Ẹ pààrọ̀ ẹsẹ̀.

Iṣan ìdí ni a ń bá wí níbí, ẹ̀yìn ló sì máa ń fẹ́ gba iṣẹ́ náà ṣe. Nígbà tí ẹsẹ̀ bá gòkè jù, ìbàdí á yí, ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn á ká, ìdí ò ní mọ nǹkan kan. Mo ní ohun tí mo fi ń ṣọ́ ọ. Mo máa ń so téèpù ìwọnra mọ́ ìbàdí, níbi tó tóbi jù lọ, bí ẹni pé mo fẹ́ wọn síkẹ́ẹ̀tì, mo sì máa ń dúró síbi tí mo ti lè rí i nínú dígí tí àwọn oníbàárà fi ń wo aṣọ. Téèpù yẹn gbọ́dọ̀ wà ní ọgbọọgba. Tí apá kan bá gòkè, ẹsẹ̀ ti ga jù, mo máa sọ ọ́ kalẹ̀ títí téèpù yóò fi padà tọ́. Lára ọ̀pọ̀ ènìyàn, ibi tí ẹsẹ̀ máa wà kò ju orí kókósẹ̀ kejì lọ. Ó máa ń yà wọ́n lẹ́nu pé ìgbà tó wà nísàlẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni ìdí wá ń gbóná.

Ti ẹ̀gbẹ́ kò ní àlàyé púpọ̀: ọwọ́ kan lórí tábìlì, ẹsẹ̀ tó wà lọ́nà jíjìn sí tábìlì lọ sí ẹ̀gbẹ́, íńṣì kan náà ni, mẹ́jọ lẹ́ẹ̀mejì, kí ara òkè má fì.

Apá

Ẹ mú ike omi méjì tí omi sẹ́ńtílítà 75 wà nínú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin kílò. Ẹ tẹ̀ síwájú láti ìgbáròkó, ẹ̀yìn nà, ẹ gbé ìgúnpá sẹ́yìn, ẹ na ọwọ́ títí, kí ẹ wá máa gbé e sókè ní íńṣì kan. Mẹ́jọ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀yìn apá tó máa ń mì nínú búláùsì aláìlápá ló ń gbà á.

Nílẹ̀

Ẹ tẹ́ ẹní, ẹ tẹ́ ìbora nípọn sórí rẹ̀. Ẹ fi ẹ̀yìn lélẹ̀, ẹ ká orúnkún, kí àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀. Ẹ fi ìrọ̀rí kékeré sáàárín orúnkún méjèèjì. Ẹ fún un, kí ẹ sì gbé ìdí sókè títí ara yóò fi tọ́ láti èjìká dé orúnkún. Láti ibẹ̀, íńṣì kan sílẹ̀, íńṣì kan sókè, mẹ́jọ lẹ́ẹ̀mejì. Bí pajápajá bá mú ẹ̀yìn itan, gìgísẹ̀ yín jìnnà jù sí ìdí, ẹ fà á sún mọ́ ọn.

Fún ikùn, ẹ jókòó, ẹ ká orúnkún, ẹ fi ìrọ̀rí tó le sẹ́yìn ìbàdí, ẹ di ẹ̀yìn itan mú. Ẹ fì sẹ́yìn títí ẹ̀yìn ìbàdí yóò fi tẹ ìrọ̀rí, kí ìyókù ẹ̀yìn ká díẹ̀. Ẹ tú ọwọ́ sílẹ̀ bí ẹ bá lè ṣe é. Tí ẹ bá ń mí síta, ẹ fa ìdodo wọlé. Kò sí ohun mìíràn tó ń gbéra. Àwọn tó ti ń jókòó ka ara mọ́ra láti ọdún pípẹ́ á rò pé èyí kò ṣe nǹkan kan, títí wọn yóò fi ka ìgbà kejìlá. Ọrùn kò gbọdọ̀ fà á. Ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ní díìsìkì tó yẹ̀ kó fo eléyìí.

Nína ara

Ẹ má fo èyí torí pé oníbàárà ti ń kanlẹ̀kùn. Ẹ gbé gìgísẹ̀ ọ̀tún lé àpótí ìjókòó kékeré, orúnkún nínà àmọ́ tí kò le gbagidi, ẹ tẹ̀ síwájú láti ìgbáròkó títí ẹ̀yìn itan yóò fi fà. Ìṣẹ́jú àáyá 30, ẹ má máa tì í wìì, wìì. Orí tábìlì ni àwọn oníjó ń gbé ẹsẹ̀ tiwọn lé. Àpótí ló tọ́ sí àwa. Lẹ́yìn náà, ẹ dúró, ẹ di kókósẹ̀ ọ̀tún mú lẹ́yìn, ẹ fà á sún mọ́ ìdí, kí orúnkún méjèèjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹni tó ń jókòó pẹ́, iwájú ìgbáròkó ló máa ń fún jù lára rẹ̀, nítorí náà ẹ fún ibẹ̀ ní àkókò: orúnkún kan nílẹ̀ lórí ìrọ̀rí, ẹsẹ̀ kejì níwájú, ẹ ti ìbàdí síwájú láìká ẹ̀yìn. Èyí ni mo ṣe jù. Ní ìrọ̀lẹ́ tí mo bá rán aṣọ púpọ̀, òun nìkan ni mo máa ń ṣe.

Ìgbà mélòó lọ́sẹ̀

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kí àgbàlagbà máa fi ìṣẹ́jú 150 ó kéré tán lọ́sẹ̀ ṣe ìdárayá tó ń mú ọkàn sáré díẹ̀, kí wọ́n sì fi ọjọ́ méjì ó kéré tán ṣe èyí tó ń fún iṣan lókun. Apá kejì yẹn ni ti barre. Kò lè rọ́pò ìrìn, torí náà mo máa ń fẹsẹ̀ rìn lọ ra òwú àti síìpù ní Ọjà Ọba, mi ò kì í gun ọ̀kadà àfi tí ẹrù bá wúwo.

Ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú àti ọjọ́ Ẹtì la yàn, kí a tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, nígbà tí oòrùn ò tíì mú. Gbogbo rẹ̀ ò ju ìṣẹ́jú 40 lọ, kò sì nílò iná. Bí ẹ bá fẹ́ fídíò, ẹ ti gbé e sórí fóònù sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tí iná wà, kí ẹ sì wò ó tán kí ẹ tó ṣe é. Ẹni tó ń yọrùn wo fóònù kò lè nàró.

Ara á ro yín lọ́jọ́ kejì, ó lè pọ̀ sí i lọ́jọ́ kẹta, lẹ́yìn náà á lọ. Ẹ rìn káàkiri, ẹ fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ̀. Bó bá ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, tàbí tí oríkèé bá wú, ẹ lọ hàn án ní ilé ìwòsàn. Ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ìlàjì iye tí mo kọ sílẹ̀ yìí ni kí ẹ ṣe. Tí plié ẹlẹ́ẹ̀kejì ò bá mú itan gbọ̀n mọ́, ẹ má ṣe lọ sílẹ̀ sí i. Ẹ fi mẹ́jọ kan kún un, níbi kan náà.